Ọjọ́ méjì pẹ̀lú Ìyá mi ní Ìsẹ́yìn: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àkọ́bí Ìyá, Èkó:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìsẹ́yìn ni Ìyá mi ń gbé. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń lọ wò wọ́n: n ó kúrò níbi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, n ó dé ilé lóru, n ó sì padà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ohun tó ń dùn mí ni pé n kì í ráyè jókòó tì wọ́n. Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti ń mọ́ ni àwọn ará ilé yóò ti máa wọlé. Bí wọ́n bá lọ tán, èmi náà gbọ́dọ̀ kí ẹbí láti agbo ilé dé agbo ilé, nítorí ẹni tí n kò bá yà kí yóò ní Èkó ti yí mi lórí.

Ní oṣù tó kọjá, bí mo ṣe ń di ẹrù àtipadà, mo ṣí agolo mílíìkì tí Ìyá ń kó oògùn sí, mo sì bá páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ti rà ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹyọ mẹ́rin péré ni wọ́n ti lò nínú rẹ̀. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ara àwọn le. Ọkọ̀ ti ń dúró dè mí, n kò lè bá ọ̀rọ̀ náà jìnnà. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Báwo ni kí n ṣe to ọjọ́ méjì yìí tí n ó fi ráyè gbọ́ ti Ìyá mi, láìtàbùkù àwọn ẹbí?

Baálé Ilé, Ìbàdàn:
Ọmọ mi, inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ká ọ lára. Ṣùgbọ́n má ṣe wo àwọn ará ilé bí ẹni tó ń gba àkókò rẹ. Lọ́jọ́ Túsìdeé tí ìwọ wà ní Èkó, ta ló ń pọn omi fún wọn, ta ló ń gbọ́ bí wọ́n bá wúkọ́ lóru? Àwọn tó ń wá kí ọ ní Sátidé náà ni. Kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún baálé agbo ilé yín, sọ fún wọn pé ìlera ìyá ló gbé ọ wálé, kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ọ pe ẹbí jọ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ìjókòó kan náà yóò gba ìkíni gbogbo wọn. Ní ti búrẹ́dì tí o bá rà lọ́nà, jẹ́ kí àwọn ọmọdé pín in láti ojúlé dé ojúlé. Ìkíni rẹ yóò ti ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ débẹ̀. Níbi ìjókòó náà ni kí o ti fa ọ̀rọ̀ oògùn lé ẹnì kan lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹbí. Bí ẹnì kan bá wà nínú wọn tó ń hun òfì nítòsí, òun ni kí o yàn, nítorí àárọ̀ dé alẹ́ ló ń wà nídìí òfì rẹ̀.

Arìnrìn-àjò:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé rin ọ̀nà lóru. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Èbúté Mẹ́tta ní òwúrọ̀ Sátidé. Láti 2021 tó ti ń kó èrò, Mọníyà ni ìrìn àjò kìlómítà 157 náà ń parí sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀nà Ìsẹ́yìn tó gba Ìjàyè kọjá ti bẹ̀rẹ̀, bíi kìlómítà 65 péré. Ẹ kò ní wọ ìgboro Ìbàdàn rárá.

Nọ́ọ̀sì, Òṣogbo:
Òótọ́ ni Ìyá sọ pé ara àwọn le, ibẹ̀ ni ewu náà wà. Ẹ̀jẹ̀ lè ru kọjá 160 lórí 100 kí orí má tilẹ̀ fọ́ ènìyàn. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ rọra bi wọ́n ohun tí oògùn náà ń ṣe lára wọn tí wọn kò fẹ́.

Àkọ́bí Ìyá, Èkó:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Sátidé. Mo pe Ìyá lálẹ́ àná, mo sì béèrè bí Nọ́ọ̀sì ti wí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní ìtọ̀ ni. Bí àwọn bá lò ó láàárọ̀, àwọn kì í lè jókòó pẹ́ ní àsàlàátù, ojú sì ń ti àwọn láti máa dìde láàárín ẹgbẹ́. Ṣé kí n ní kí wọ́n máa lò ó lálẹ́?

Nọ́ọ̀sì, Òṣogbo:
Rárá, ẹ má yí àkókò rẹ̀ padà fúnra yín. Ẹni tó bá ń dìde tọ̀ lóru lè ṣubú nínú òkùnkùn. Ẹ gba ààyè ọjọ́ Ajé níbi iṣẹ́, kí ẹ gbé agolo náà bí ó ti wà lọ bá dókítà pẹ̀lú Ìyá, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ àsàlàátù náà fún un. Oríṣiríṣi ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo wọn kọ́ ló ń fa ìtọ̀.