"Gbẹ́sẹ̀ lé" kò bá kọ̀ǹpútà ọ̀gá mu

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí à ń wá fún iṣẹ́ ọlọ́pàá àti kóòtù, ẹ̀gbọ́n wa dábàá "ìwé àṣẹ ìtúlé" fún ìwé tí kóòtù ń fún ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè yẹ ilé onílé wò. Mo fara mọ́ ọn. Ẹnìkan ní ó dún bí ẹni fẹ́ tú ilé ká, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ là ń sọ pé "ọlọ́pàá tú ilé lágbájá", kò sì sẹ́ni tó ń rò pé wọ́n wó o. "Ìwé ìwọlé" tí ẹlòmíì mú wá ni kò lè ṣiṣẹ́. Ìyẹn la fi ń wọ pápá bọ́ọ̀lù.

Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ni "wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀", tí wọ́n dábàá fún ìgbà tí ọlọ́pàá bá gba ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni. Akọ̀wé owó kan ni wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ: ó gbé kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ wálé, ọlọ́pàá sì gbé e lọ. Dúkìá ta ni? Ọ̀gá ló ni ín, ìkáwọ́ akọ̀wé ló wà. Ẹni tó ń bá ni tọ́jú ẹrù kò tìtorí ẹ̀ di ẹlẹ́rù. Bí a bá kọ "dúkìá rẹ̀", a ti dá ẹjọ́ tí adájọ́ kò tíì dá. Ẹ jẹ́ ká kọ "ohun tí a bá níkàáwọ́ rẹ̀".

"Gbẹ́sẹ̀ lé" tún le jù. Bí ìròyìn ṣe ń lò ó, ohun tí ará ilé ń gbọ́ ni pé ìjọba ti gbà á pátápátá. Nígbà tí mo ń ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù, mo lò ó fún fóònù tí wọ́n gbà láti fi ṣe ẹ̀rí. Ìyá tó ni fóònù bú sẹ́kún, ó rò pé ó ti lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló pa á lẹ́kún, mi ò sì gbàgbé.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ẹjọ́ ọ̀daràn ní kí wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n bá gbà, kí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fún onílé ní ẹ̀dà kan bó bá béèrè. Inú àkọsílẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa yìí ti ṣe pàtàkì, torí òun ni ọ̀gá lè mú lọ́wọ́ wá béèrè kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Gbà fún ẹ̀rí" ni mo ń lò báyìí. Mo fẹ́ sọ ọ́ di "ìgbàfẹ́rìí", àmọ́ ojú tó bá ń sáré kàwé lè kà á sí "ìgbafẹ́". Nítorí náà, "ìgbàfúnẹ̀rí" ni mo fi síwájú yín, bó tilẹ̀ gùn.