Ṣé kí n pààrọ̀ Word 2010 tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, àbí kí n máa lò ó lọ?

Ìyá Ìbejì (olùbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni, lẹ́bàá géètì yunifásítì. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, Windows 10, RAM 4GB, Office 2010 ojúlówó pẹ̀lú Publisher tí mo fi ń to ìwé ètò. Pròjẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wọlé jù, ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó ló tẹ̀ lé e, Yorùbá sì ni èyí tó pọ̀ nínú wọn.

Fáìlì tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé wá lórí fláàṣì kì í dúró bó ṣe wà: ojú ewé 80 nílé wọn, 84 ní ṣọ́ọ̀bù, àkóónú iwájú ìwé ò ní bá inú rẹ̀ mu mọ́. Àmì ohùn Yorùbá máa ń di àpótí kéékèèké tàbí kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Wọ́n tún ní Office 2010 ti kú, pé kí n ra Office 2024 tàbí kí n máa san owó Microsoft 365, Office àsan-máa-lò. Ṣé pípààrọ̀ ló máa yanjú gbogbo ẹ̀? Èwo sì ni kí n mú? Dáta ò pọ̀ o, iná náà ẹ mọ bó ṣe ń ṣe.

Alágbàṣe Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Ìbejì. Ẹ má tíì yọ owó. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn ni kò nílò Word tuntun.

Fọ́ńtì (irísí lẹ́tà) ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Láti 2007 ni Word ti ń fi Calibri bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun, àmọ́ àwọn ẹ̀dà ìsinsìnyí ti fi Aptos rọ́pò rẹ̀. Kò sí Aptos lórí ẹ̀rọ yín. Word 2010 á kàn mú fọ́ńtì mìíràn dí àlàfo, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí lẹ́tà ò bá ti fẹ̀ bákan náà, ìlà á já síbi tí kò já sí nílé, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa ti ara rẹ̀ lọ títí ojú ewé fi lé. Ẹ ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí File > Options > Advanced, ẹ wálẹ̀ dé "Show document content", ẹ tẹ "Font Substitution". Orúkọ fọ́ńtì tó sọnù á hàn níbẹ̀, pẹ̀lú èyí tí Word fi dípò rẹ̀. Microsoft ń fi Aptos sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Download Center wọn. Ẹ gbé e wá, ẹ tú u, ẹ sàmì sí gbogbo fáìlì inú rẹ̀, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Install, kí ẹ ti Word pa kí ẹ tún un ṣí.

Ẹ wo bébà náà. Page Layout > Size ni lórí 2010 (lórí ẹ̀dà tuntun, "Layout" lásán ni wọ́n ń pè é). Bí ẹ̀rọ ọmọ náà bá wà lórí ètò Amẹ́ríkà, Letter ni yóò jẹ́: 21.59 × 27.94 cm. A4 jẹ́ 21 × 29.7 cm. Letter fẹ̀ jù ú, A4 gùn jù ú, torí náà bí ẹ bá yí i padà, kò sí ìlà kan tí yóò dúró síbi tó wà. Ẹ bi oníbàárà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tún ìwọ̀nyí ṣe, ẹ tẹ inú àkóónú yẹn, ẹ tẹ F9, ẹ yan "Update page numbers only". Tí ẹ bá yan èkejì, gbogbo ọ̀ṣọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ṣe síbẹ̀ á pòórá. Tó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ló fi tẹ àkóónú náà pẹ̀lú àmì ìdúró wẹẹrẹwẹ, F9 ò lè ṣe nǹkan kan fún un.

Ohun kan wà tí 2010 ò lè ṣe ní tòótọ́. 2013, 2016, 2019, 2021, 2024 àti 365, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn fi ń to ìwé, nọ́mbà rẹ̀ nínú Word ni 15. Ti 2010 jẹ́ 14. Tébù ló máa ń fi ìyàtọ̀ hàn: ní 14, ìlà ẹ̀gbẹ́ òsì tébù máa ń yọ díẹ̀ sínú máájìn kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè bá ọ̀rọ̀ ìta dọ́gba, ní 15, ìlà náà gan-an ló ń dọ́gba pẹ̀lú máájìn. Pròjẹ́ẹ̀tì tí tébù kún inú rẹ̀ á mì díẹ̀ lórí 2010, ẹ̀yin ò sì jẹ̀bi. Fún iṣẹ́ tó jẹ́ pé títẹ̀ jáde nìkan ni, ẹ ní kí wọ́n gbé PDF rẹ̀ dání. Inú PDF ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, kì í gbọ̀n.

Akọ̀wé Àgbà

Alágbàṣe ṣe dáadáa, àmọ́ ó fò ìdí tó tóbi jù. Ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni Microsoft dá àtúnṣe ààbò dúró fún Office 2010. Ihò tí wọ́n bá rí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa wà lórí ẹ̀rọ yín. Fláàṣì àlejò mélòó ló ń wọ kọ̀ǹpútà yẹn lójúmọ́? Ẹ rántí Equation Editor àtijọ́, ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ ìṣirò nínú Word: ihò inú rẹ̀ burú débi pé ní oṣù kìíní ọdún 2018 Microsoft yọ ohun èlò náà kúrò pátápátá. Fáìlì lásán tí èèyàn ṣí ti tó láti kó wàhálà wọlé.

Torí náà, ẹ pààrọ̀, ó kéré tán lórí ẹ̀rọ tó ń gba fláàṣì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta 2016 tàbí 2019 fún yín o, méjèèjì ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Windows 10. 2021 ò kọjá ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Office 2024 ló ní ọjọ́ iwájú: ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2029. Ó ṣì ń wọ Windows 10.

Irú méjì ló wà fún ẹni tó fẹ́ rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Home 2024" wà fún ilé; "Home & Business 2024" ló fún yín láṣẹ láti fi ṣòwò. Kọ̀ǹpútà kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún.

365 ní tirẹ̀ dà bí owó ilé. Bí ẹ ò bá san mọ́, ẹ ṣì lè ṣí ìwé, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde, àmọ́ ẹ ò ní lè tún un ṣe, ẹ ò sì ní lè bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ó tún gbọ́dọ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó kéré tán, kó lè mọ̀ pé ẹ ti san. Fún ẹni tí dáta rẹ̀ ò pọ̀, 2024 ni mo fara mọ́.

Kọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà kiri? Èyí tó pọ̀ jẹ́ ti iléeṣẹ́ ńlá tí ẹnìkan yọ́ tà. Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí kí wọ́n dí i lọ́la. Àwọn ayédèrú tí wọ́n ń fi "KMS" (ètò tó ń tan Office pé ẹ ti san owó) jí sílẹ̀ burú jùyẹn lọ: ẹ gbọ́dọ̀ pa ààbò Windows kí wọ́n tó lè wọlé, ẹni tó bá ti ní kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún òun lóru, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú àpò rẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Publisher ńkọ́? Fáìlì ètò ìsìnkú inú rẹ̀ kọjá 300, oníbàárà sì máa ń padà wá fún ti ìrántí ọdún kan.

Akọ̀wé Àgbà

Kò sí Publisher nínú 2024 rárá. Microsoft ti kéde pé oṣù kẹwàá ọdún 2026 ni àwọn máa pa á tì, àwọn tó ń lo 365 ò sì ní lè fi ṣí .pub (fáìlì Publisher) mọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n di PDF báyìí: File > Save As, ẹ yan PDF. Àwọn tí ẹ mọ̀ pé ẹ máa tún lò, bíi férémù àti ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ tún wọn tò sínú Word díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀fẹ́-Ló-Dára

Ẹ ò dárúkọ LibreOffice, ètò ìtẹ̀wé bíi Office! Ọ̀fẹ́ ni, kò sí láísẹ́ńsì òwò tàbí ti ilé, kò sì ní bá Office jà bí ẹ bá fi méjèèjì sórí ẹ̀rọ kan. Draw tó wà nínú rẹ̀ ń ṣí .pub, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán àti àpótí ọ̀rọ̀ lè sún díẹ̀. Bí kò bá rí Calibri, Carlito ló máa lò, Caladea dípò Cambria. Fífẹ̀ lẹ́tà wọn dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ojúlówó yẹn, nítorí náà ìlà ò ní já síbi tó yàtọ̀. Aptos ni kò ní irú èyí.

Akọ̀wé Àgbà

Fún ìwé tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ìjà. Pròjẹ́ẹ̀tì ojú ewé 120 tí olùkọ́ ń kọ àlàyé sí létí, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Word àti LibreOffice, mi ò gbà á. Nọ́mbà orí ọ̀rọ̀ àti àpótí ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dàrú.

Olùkọ́ Èdè

Ẹ jẹ́ kí n mú ti àmì ohùn. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn èèyàn ń pè ní "àmì bàjẹ́", Word 2024 ò sì ní wo èyíkéyìí sàn fúnra rẹ̀.

Tó bá jẹ́ àpótí lẹ rí, fọ́ńtì náà ò ní lẹ́tà yẹn. Ẹ yí i sí Times New Roman, Cambria, tàbí Charis SIL tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Tó bá jẹ́ pé àmì yẹ̀ sọ́tùn-ún, fọ́ńtì náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì ka orí lẹ́tà. Oògùn kan náà ni. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ẹ́ tàbí ọ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ nọ́mbà lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò: ẹ (1EB9) ni, kí ẹ tó fi àmì ohùn òkè (0301) tàbí ti ohùn ìsàlẹ̀ (0300) lé e. Fọ́ńtì aláràbarà tí wọ́n fi ń ṣe ìwé ìgbéyàwó ló máa ń kùnà jù níbí.

Ẹ̀kẹta ló le: ọ̀rọ̀ á kún fún àmì bíi [ àti # níbi tó yẹ kí ẹ tàbí ọ wà. Fọ́ńtì Yorùbá àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, èyí tó kàn ya ẹ sójú àmì mìíràn. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ tẹ Ctrl+H, ẹ fi [ sí "Find what". Ẹ tẹ More > Format > Font, ẹ yan orúkọ fọ́ńtì àtijọ́ yẹn, torí bí ẹ ò bá dè é mọ́ fọ́ńtì, gbogbo àkámọ́ tòótọ́ inú ìwé náà á di ẹ. Ní "Replace with", ẹ lẹ lẹ́tà "ẹ" mọ́ ọn, kí ẹ sì yan Times New Roman fún un. Ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀ títí wọn á fi tán, lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí fọ́ńtì ìyókù padà.

Fún títẹ̀, ẹ tẹ 1EB9 kí ẹ tẹ Alt+X, ó di ẹ. ọ jẹ́ 1ECD, ṣ jẹ́ 1E63. Ẹ ṣọ́ra: bí lẹ́tà tó ṣáájú bá jẹ́ a, b, d, e tàbí f, Word á kà á mọ́ nọ́mbà. Ẹni tó fẹ́ kọ "bẹ" á rí i pé b1EB9 ló kà. Ẹ sàmì sí mẹ́rin ìgbẹ̀yìn yẹn nìkan kí ẹ tó tẹ Alt+X.

Ẹ tún lọ sí File > Options > Proofing > AutoCorrect Options, ẹ wá "i" tó ń di "I", ẹ pa á rẹ́. Òun ló ń sọ "rí i" di "rí I" nínú gbogbo ìwé ètò ìlú yìí.

Ìyá Ìbejì

Ó ti yé mi. Ẹ̀rọ tó ń gba fláàṣì ni mo máa fi Home & Business 2024 sí. Èkejì á jókòó ti Publisher títí n ó fi sọ gbogbo rẹ̀ di PDF, fláàṣì àlejò ò ní wọ ọ́. Kí ni kí n ṣe kí n tó yọ 2010 kúrò?

Alágbàṣe Kọ̀ǹpútà

Ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ %appdata%\Microsoft, ẹ tẹ Enter. Fóldà Templates (Normal.dotm wà níbẹ̀), fóldà UProof tó ní àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ́ Word, àti àwọn fáìlì tó parí sí .acl nínú fóldà Office (AutoCorrect yín nìyẹn), àwọn ni kí ẹ mú. Ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ sí ibòmíràn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún fọ́ńtì tí ẹ fi kún C:\Windows\Fonts.

Yọ 2010 kúrò nínú Control Panel, ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Lórí àkáǹtì Microsoft yín, kí ẹ tó tẹ Install, ẹ ṣí "Other options": 32-bit ni kí ẹ yan, torí RAM 4GB yẹn, kí ẹ sì mú "offline installer". Fáìlì ńlá kan ni, ẹ lè lọ fà á níbi tí dáta ti wà kí ẹ gbé e wálé, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti jí i. Ẹ fi àyè 4GB sílẹ̀ lórí dísìkì.

Tó bá ṣí, fáìlì 2010 yín á kọ "Compatibility Mode" sókè. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tẹ Convert lórí pròjẹ́ẹ̀tì oníbàárà, torí ìgbà yẹn gan-an ni tébù máa sún.

Ní ti iná: AutoSave tí wọ́n ń polówó, orí 365 pẹ̀lú OneDrive (ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ló wà, 2024 yín ò ní fipamọ́ fúnra rẹ̀. AutoRecover lẹ ní, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ló sì máa ń ṣiṣẹ́ bí ẹ ò bá yí i. File > Options > Save, ẹ sọ 10 yẹn di 1.