Ìbàjẹ́ àyíká tàbí ìbàyíkájẹ́? Èsì sí àbá tó wà nílẹ̀

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa gbé wá, pé nínú ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àyíká tí a jọ ń ṣe, kí á mú “ìbàjẹ́ àyíká” ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ohun tó bá ṣe ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ léṣe: ìdọ̀tí inú odò, èéfín iléeṣẹ́, igbó tí wọ́n gé tán, kí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ orúkọ kan náà. Wọ́n ní ó rọrùn, ó ti wà lẹ́nu àwọn oníròyìn, àti pé orúkọ kì í yí ohun tó ń jẹ́ ẹ padà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ mi ò lè fara mọ́ ọn.

“Bàjẹ́” wà lára àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí à ń là sí méjì kí àbọ̀ (ohun tí a ṣe nǹkan sí) lè wọ àárín. Aago bàjẹ́: ó lè jẹ́ pé ọjọ́ ló ti pẹ́ lórí rẹ̀, kò sí ẹni tí a ń bá wí. Wọ́n ba aago jẹ́: ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ní ẹjọ́ láti rò. Bí a bá wá sọ ọ́ di “ìbàjẹ́”, ìlà tó pín méjèèjì níyà ti pa rẹ́ nìyẹn. “Ìbàjẹ́ odò” lè jẹ́ ti odò tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti odò tí wọ́n bà jẹ́. Etí kò lè mọ èwo ni. Ohun tí èmi dábàá ni “ìbàyíkájẹ́”. Ẹ má jẹ́ kó kọ́ yín lẹ́nu, nítorí ọ̀nà kan náà ni a gbà ṣẹ̀dá “ìbànújẹ́” àti “ìbanilórúkọjẹ́”, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń kọ́ lẹ́nu. Àbọ̀ ti wà láàárín ọ̀rọ̀, olùwà (ẹni tó ṣe é) ló kù tí a ń wá. Ẹ fi “a-” rọ́pò “ì-” níwájú rẹ̀, olùwà ti dé: abàyíkájẹ́.

Àwọn kan á ní eré àfòmọ́ (ègé ọ̀rọ̀ bíi “a-” àti “ì-”) lásán ni mò ń ṣe. Ẹ wo Minamata, ìlú etíkun kan ní Jàpáànù. Láti 1932 ni iléeṣẹ́ Chisso ti ń da omi tó ní mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, sínú òkun níbẹ̀. Ní 1956 ni wọ́n kéde àrùn kan tó ń bá ọpọlọ àwọn tó ń jẹ ẹja òkun náà jà. Ó di 1968 kí ìjọba tó là á mọ́lẹ̀ pé mẹ́kúrì iléeṣẹ́ náà ló fà á, ọdún yẹn gan-an sì ni iléeṣẹ́ ọ̀hún jáwọ́ nínú irú iṣẹ́ tó ń mú mẹ́kúrì náà wá. Kí ni wọ́n wá pe àrùn náà? Àrùn Minamata. Ìlú tí ìyà jẹ ló ru orúkọ, ẹni tó da oró sínú omi kò sí nínú rẹ̀ rárá. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí lórí mẹ́kúrì ní 2013 náà, Minamata ló ń jẹ́. Wọ́n ní ó jẹ́ láti rántí àwọn tó jìyà, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé inú afẹ́fẹ́ ìlú náà ni àrùn ti jáde.

Abàyíkájẹ́ wúlò fún òfin pẹ̀lú. Ní 1972, OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè olówó lórí ọrọ̀ ajé, gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé ẹni tó ń ba àyíká jẹ́ ni kó gbé ìnáwó tí yóò fi dá a dúró. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló gbà ní Yorùbá: abàyíkájẹ́ ni yóò sanwó. Ẹnìkan nínú yín kọ ọ́ níbí pé a kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun fún èyí, pé àwọn baba wa ti sọ ọ́ tán: ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Òwe náà dùn, kò sì bá ohun tí à ń wí mu. Eérú iléeṣẹ́ kì í tọ ẹni tó dà á, pàápàá bí olówó bá ti mọ bí a ṣe ń gbé òpó ró. Ní Sudbury, ní Kánádà, èéfín imí-ọjọ́ láti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ níkẹ́lì ti sọ ilẹ̀ tó wà nítòsí di aṣálẹ̀. Ohun tí iléeṣẹ́ Inco ṣe ni pé ó kọ́ òpó kan tí èéfín yóò máa gbà jáde, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 381, wọ́n parí rẹ̀ ní 1972. Afẹ́fẹ́ ìlú náà dára sí i lóòótọ́. Imí-ọjọ́ tó gba inú òpó yẹn jáde ń kọ́? Afẹ́fẹ́ gbé e lọ sọ́nà jíjìn, ó ń bá òjò balẹ̀ lórí adágún àwọn ẹlòmíràn. Bákan náà ni Yúróòpù nígbà náà: òpó gíga àwọn iléeṣẹ́ mànàmáná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tó ń fi imí-ọjọ́ ránṣẹ́ sí Sweden àti Norway, ẹja sì ń kú nínú adágún tí kò sí iléeṣẹ́ kankan létí rẹ̀. Ó di 1979 kí àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn ní Geneva lórí èérí afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ẹnubodè. Bí eérú yóò bá tọ ẹni tó dà á, òfin ni yóò tì í lọ síbẹ̀. (Fún òjò tó ru imí-ọjọ́ yẹn, acid rain, “òjò kíkan” tí àbúrò wa dá lábàá tẹ́ mi lọ́rùn. Ó kúrú, ahọ́n sì ti mọ ìtumọ̀ kíkan.)

Ó kan smog, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi èéfín àti kùrukùru lẹ̀ pọ̀. Àbá tó wà nílẹ̀ ni “kùrukùru èéfín”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà sí “èéfín kùrukùru”. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ tó ṣáájú ni olórí, èyí tó tẹ̀lé e ni ẹ̀yán, tó ń ṣàlàyé rẹ̀. Kùrukùru èéfín jẹ́ irú kùrukùru kan. Èéfín kùrukùru jẹ́ irú èéfín kan. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti olùkọ́ gírámà nìkan. Nígbà tí smog bo London láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, lóòótọ́ ni kùrukùru wà, ojú ọjọ́ ló sì sé e mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èédú ilẹ̀ tí wọ́n ń jó nínú ilé àti ní iléeṣẹ́ mànàmáná ló sọ ọ́ di apànìyàn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ń ta èédú tó dára jù sókè òkun kí owó lè wọlé, èyí tí kò dára ni ará ilé ń rà. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ní ó kú. Àwọn tó ń kú lọ ní oṣù tó tẹ̀lé e, àwọn aláṣẹ ìlera ní ọ̀fìnkìn líle ló pa wọ́n. Ìṣirò ẹ̀yìn ìgbà náà gbé gbogbo rẹ̀ sí nǹkan bí 12,000. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ jáde ní 1956. Kùrukùru, Ọlọ́run ló ni ín. Bí a bá rí èéfín, a ó bèèrè ẹni tó dáná.

Ọ̀rọ̀ epo pẹtiróòlù tí wọ́n ń po òjé mọ́ kò ní gùn lẹ́nu mi, “epo olójé” ló yẹ kó máa jẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ tà á ní Amẹ́ríkà ní 1923 mọ̀ pé òjé ń pani, Ethyl lásán ni wọ́n pe ọjà náà, òjé kò sí nínú orúkọ rẹ̀. Ó di 2021 kí Àlìjéríà, orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn, tó jáwọ́ nínú títa á fún ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i pé àwọn oníṣòwò kò gbà pẹ̀lú yín pé orúkọ kì í yí nǹkan padà?

Èyí tó dá àríyànjiyàn tó gbóná jù sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a ó lò nígbà tí iléeṣẹ́ kan bá ń tú èéfín, tó wá sanwó kí ẹlòmíràn níbòmíràn dín tirẹ̀ kù, kí wọ́n lè ka ìyẹn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹnìkan ní “ètùtù èéfín”. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún rò ó. Ẹni tó ń ṣe ètùtù ti jẹ́wọ́ pé òun ṣẹ̀, a sì retí pé kó jáwọ́. Ẹlòmíràn ní “owó gbà-máà-bínú”, àmọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ ló ń gba gbà-máà-bínú, owó tí à ń wí yìí kì í sábà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí èéfín ń pa lẹ́kún. “Àfidípò” ni tèmi, nítorí kò yin ẹnikẹ́ni. Ẹ wo bí àfidípò ṣe rí nígbà kan: àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe gáàsì amúǹkantutù HCFC-22 máa ń ní gáàsì mìíràn, HFC-23, bíi pàǹtí. Lábẹ́ ètò tí Àdéhùn Kyoto ti 1997, àdéhùn àgbáyé láti dín gáàsì tó ń mú ayé gbóná kù, dá sílẹ̀, ẹni tó bá jó pàǹtí náà dípò kó tú u sáfẹ́fẹ́ yóò gba ìwé ẹ̀rí tó lè tà. Ní ti mímú ayé gbóná, tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ ni wọ́n kà sí tọ́ọ̀nù 11,700 ti gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì (CO₂). Owó pàǹtí wá pọ̀ débi pé àwọn kan ń ṣe gáàsì sí i kí pàǹtí lè pọ̀ sí i. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ̀ láti máa gba irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ láti 2013. Èwo ni ètùtù níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n wa lè bi mí pé, ṣé abàyíkájẹ́ kò ní di orúkọ tí a ó máa fi pe olúkúlùkù tó bá ti wọ mọ́tò? Ìbéèrè gidi ni. Iléeṣẹ́ epo BP wà lára àwọn tó fi ìpolówó gbé ọ̀rọ̀ kan kiri láàárín ọdún 2000 sí 2010, “carbon footprint” (ipasẹ̀ kábọ́ọ̀nù), pé kí oníkálùkù lọ ṣírò èéfín tirẹ̀. Ẹni tó ń wa epo ń sọ fún ẹni tó ń rà á pé kó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nítorí náà, nínú ìwé ìtumọ̀ wa, mo fẹ́ kí a kọ ọ́ pé abàyíkájẹ́ ni ẹni tó ní agbára láti yàn, tó sì yan èyí tó ń ba àyíká jẹ́. Ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ wà nínú rẹ̀.

“Ìyípadà ojú-ọjọ́” ńkọ́? Ó ní àléébù kan náà, ó dà bíi pé ojú-ọjọ́ ló yí ara rẹ̀ padà. Àmọ́ ó ti wọ ẹnu gbogbo ayé, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ó ku ọ̀kan tí kò tíì ní orúkọ: ìnáwó tí iléeṣẹ́ kò kà mọ́ iye ọjà rẹ̀, tó jẹ́ pé aládùúgbò, ilé ìwòsàn tàbí ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò san án. Mo dábàá “ìnáwó àgbékọ́nilọ́rùn”. Ó gùn, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, tí ọrùn kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀, kó mú un wá.