Èsì lórí "aṣọ́jóró": ojóró kọ́ ni à ń ṣọ́

Ẹ̀yin ará ilé, okun o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó túmọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn tó ń ṣe géèmù pe anti-cheat, ìyẹn ètò tó ń wá olójóró nínú géèmù, ní "aṣọ́jóró". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ n kò lè dákẹ́. Aṣọ́lé ń ṣọ́ ilé kí olè má baà kó o. Aṣọ́bodè ń ṣọ́ bodè. Aṣọ́gbà ńkọ́? Ohun tó bá tẹ̀lé ṣọ́ ni wọ́n ń dáàbò bò. Aṣọ́jóró wá ń dáàbò bo ojóró nìyẹn! Ẹnìkan ní a máa ń ṣọ́ olè pẹ̀lú. Òótọ́ ni, nínú gbólóhùn. Bí àfòmọ́ a- bá ti wọlé síwájú ṣọ́, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ló dà.

Ibi tó dùn mí jù ni ìlà kejì ìwé náà: "ẹ gba àwa tó ń lo Linux lọ́wọ́ aṣọ́jóró." (Linux ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows.) Ọmọ tó bá kà á ní Kàbbà tàbí Mọ́pà kó tó fọwọ́ sí i yóò rò pé a fẹ́ kí wọ́n yọ anti-cheat kúrò. Rárá o! Láti 2021 ni anti-cheat méjì, Easy Anti-Cheat àti BattlEye, ti lè bá Proton ṣiṣẹ́, ìyẹn irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ géèmù Valve tó ń jẹ́ kí géèmù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ó ku kí ẹni tó ni géèmù gbà á láàyè, òun la sì ń bẹ̀. Àwọn kan ti gbà, àwọn mìíràn kọ̀. Géèmù Apex Legends tiẹ̀ gbà tẹ́lẹ̀, kó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Linux ní ìparí oṣù kẹwàá 2024, wọ́n ní àwọn olójóró ń gba ibẹ̀ wọlé. Ṣé irú àwọn bẹ́ẹ̀ la fẹ́ kọ̀wé sí, ká wá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lẹ́yìn olójóró?

Èmi ní "amólójóró". Mú olójóró, mólójóró, bí a ti ń sọ pé mówó wá. Ohùn òkè ló wà lórí mó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì ìsàlẹ̀ sí i.

Arábìnrin tó dábàá "agbógunti-ìrẹ́jẹ", ìrẹ́jẹ ni ti ọjà àti ti ogún. Nídìí ọpọ́n ayò bàbá mi àgbà ní Ìsánlú, bí ẹnìkan bá fi ọmọ ayò pamọ́ sáàárín ìka, "ojóró!" ni gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ yóò pariwo. Àwọn yẹn gbọ́ Yorùbá. Ta ló kù tó ń ta ayò bẹ́ẹ̀ lónìí?

Ẹni tó kọ̀wé pé ará Kogi kò lè kọ́ òun ní Yorùbá, 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Ṣé ọdún yẹn ni àwa Yorùbá ibẹ̀, Owé, Yàgbà, Bùnú àti Ìjùmú, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu? N ó dá a lóhùn lọ́tọ̀.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ju amólójóró lọ, kó mú un wá kí ìwé náà tó jáde. Kó má ṣáà fi aṣọ́- bẹ̀rẹ̀.