Ẹ̀rọ pariwo lórí kọ̀ntẹ́nà táìlì, kí la ti ń ṣe é?

Bọ̀dá Déjì (Houston): Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin ará. Kọ̀ntẹ́nà táìlì tí mo rà ní Íńdíà ti gúnlẹ̀ àmọ́ wọn ò jẹ́ ó jáde, éjẹ́ǹtì ní ẹ̀rọ tó ń wá rédíéṣọ̀n ló pariwo. Rédíéṣọ̀n kẹ̀? Ṣé mo gbé bọ́ǹbù ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kọ̀ntẹ́nà tó bá gba orí omi wọ Amẹ́ríkà ló ń gba àárín ẹ̀rọ yẹn kọjá. Amọ̀ tí wọ́n fi ṣe táìlì ti ní uranium àti thorium díẹ̀ nínú, ìyẹn èròjà tó ń tan ìtànṣán rédíéṣọ̀n, látinú ilẹ̀ tí wọ́n ti wà á, gíránáìtì náà ní in, fatiláísà oní-potassium ńkọ́, títí dórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti iyẹ̀pẹ̀ tí òyìnbó ń dà fún ológbò yàgbẹ́ sí. Ẹ̀rọ yẹn kàn mọ̀ pé nǹkan ń bẹ níbẹ̀ ni, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ irú nǹkan tó jẹ́.

Túńdé: Ẹ kúkú fi lẹ́ẹ̀dì, òjé tó ń dí ìtànṣán, wé e nígbà míì 😂

Àǹtí Fúnkẹ́ (clearing ni iṣẹ́ mi): Túńdé, má kó bá ẹ̀gbọ́n ẹ o! Lẹ́ẹ̀dì á hàn dúdú kirikiri nínú X-ray, ìyẹn gan-an ló máa jẹ́ kí wọ́n já kọ̀ntẹ́nà. Bọ̀dá mi, wọ́n á yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀gá kan á mú ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ wá, ìyẹn ló lè dárúkọ ohun tó ń tan ìtànṣán, wọ́n á wá fi wé bébà yín. Ibẹ̀ ni wàhálà àwọn èèyàn wa wà, "building materials" ni wọ́n máa ń kọ, ta ló mọ ìyẹn? Ẹ ní kí sọ́pláyà kọ ọ́ pé ceramic floor tiles, HS code 6907 (nọ́ńbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń dá ọjà mọ̀), iye páálí àti ìwọ̀n ẹ̀. Ohun míì tún ni pé ìtànṣán ti táìlì máa ń tàn káàkiri kọ̀ntẹ́nà ni, tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ti ń ta wọ́n á fura, torí náà ẹ má ki ẹrù ẹlòmíì mọ́ ọn.

Bọ̀dá Déjì: Ẹ ṣé gan-an. Ta ló máa sanwó àyẹ̀wò ọ̀hún?

Àǹtí Fúnkẹ́: Ẹ̀yin náà ni o, kódà tí wọn ò bá rí nǹkan kan. Ẹ tètè bẹ iléeṣẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n fi ọjọ́ ọ̀fẹ́ kún un kí demurrage, owó tí wọ́n ń gbà tí kọ̀ntẹ́nà bá pẹ́ jù ní èbúté, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó yín.

Bàbá Ọlá: Dírébà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iodine tó ń tan ìtànṣán tọ́jú gẹ̀gẹ̀ ẹ̀ náà lè mú ẹ̀rọ yẹn pariwo o, kó gba lẹ́tà họsibítù dání.