Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó lórí kọ̀ǹpútà géèmù tí mo fẹ́ fọwọ́ ara mi tò

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ nítorí kọ̀ǹpútà tí n ó fi máa gbá géèmù, tí n ó sì tún máa fi ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ mi. N kò fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti tò sílẹ̀, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ mi, kí n sì lè tún un ṣe fúnra mi bí ó bá dẹnu kọlẹ̀. Owó náà kò pọ̀, bí mo bá sì fi ṣe àṣìṣe, kò sí ibi tí n ó ti tètè rí òmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín kí n tó ra ohunkóhun.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 7 5700X, nítorí mo gbọ́ pé bí CPU bá ṣe lágbára tó ni géèmù ṣe ń yá tó, káàdì àwòrán Radeon RX 6500 XT tó ní 4GB, motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́) A520, RAM (ìrántí ìgbà díẹ̀) irú DDR4 tó jẹ́ 16GB, ẹyọ kan ṣoṣo, SSD (ibi ìpamọ́ tó yára) 256GB pẹ̀lú hard disk (ibi ìpamọ́ tó lọ́ra jù ú lọ) 1TB, kéèsì onígíláàsì tó ní fáànù mẹ́fà tó ń tan oríṣiríṣi àwọ̀, àti PSU (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún gbogbo wọn) 700W kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àmọ́ tí owó rẹ̀ rọjú gan-an. Mọ́nítọ̀ tí mo ti ní jẹ́ 1920 × 1080, 75Hz (ìyẹn ni pé ó lè fi àwòrán 75 hàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan). Ṣé àwọn nǹkan wọ̀nyí bá ara wọn mu? Níbo ni mo ti ń fowó ṣòfò, níbo ni mo sì ti ń ṣahun?

Ìdáhùn kìíní

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ́kọ́ béèrè. Kí a tó sọ̀rọ̀ CPU rárá, orí mọ́nítọ̀ rẹ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ń pinnu bí iṣẹ́ káàdì àwòrán yóò ṣe wúwo tó. Mọ́nítọ̀ 1920 × 1080 ní píksẹ́lì (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2. Ti 2560 × 1440 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3.7, ti 3840 × 2160 tí wọ́n ń pè ní 4K sì lé ní mílíọ̀nù 8. Gbogbo píksẹ́lì wọ̀nyí ni káàdì ní láti kùn lákọ̀tun fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, bí o bá sì fẹ́ àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7 péré ló ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níwọ̀n ìgbà tí mọ́nítọ̀ 1080p yìí ni o óò máa lò, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta káàdì 4K fún ọ.

Àṣìṣe tó tóbi jù nínú ohun tí o kọ ni pé CPU ni o gbé owó lé, o wá ń fi ìyókù wá káàdì àwòrán. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù, káàdì ló ń ru ẹrù tó wúwo jù. Core (ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ nínú CPU) 8 ni 5700X ní, 6 ni Ryzen 5 5600 ní, ìyàtọ̀ tí o óò sì rí láàárín wọn lórí mọ́nítọ̀ 75Hz kò tó nǹkan. Ohun mìíràn tún wà tí o lè má mọ̀: 5600 tó wà nínú páálí rẹ̀ máa ń ní fáànù tirẹ̀, ṣùgbọ́n 5700X kì í ní, o óò sì ní láti ra fáànù lọ́tọ̀. Ní tèmi, nínú ọgọ́rùn-ún owó, nǹkan bí 35 sí 40 ni mo máa ń yà sọ́tọ̀ fún káàdì, n kì í sì í jẹ́ kí CPU gbà ju 20 lọ.

Jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí RX 6500 XT yẹn, nítorí ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Orúkọ rẹ̀ jọ ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà PCIe mẹ́rin péré ló fi ń bá motherboard sọ̀rọ̀, nígbà tí àwọn mìíràn ń lo 8 tàbí 16. Bí motherboard bá jẹ́ PCIe 4.0, a lè fara mọ́ ọn. Àmọ́ PCIe 3.0 ni A520, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀nà tó ti tóóró tẹ́lẹ̀ tún dín sí ìdajì. Nígbà tí 4GB rẹ̀ bá kún, tí ó sì di dandan kó máa yá àyè lò nínú RAM, ọ̀nà tóóró yìí ni gbogbo ẹrù náà yóò gbà, géèmù yóò sì máa ta kọ́sẹ̀ lójijì. RX 6600 ní 8GB àti ọ̀nà 8, bó bá sì wà lórí PCIe 3.0, ohun tó ń pàdánù kéré. 132W ni iná tó ń lò. Òun ni mo máa kọ́kọ́ wá bí mo bá wà ní ipò rẹ. Bí o bá rí RTX 3060 tó ní 12GB ní owó tó sún mọ́ ọn, ìyẹn náà dára.

Ìdáhùn kejì

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti káàdì dáadáa. Ọ̀rọ̀ PSU ló ká mi lára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí mo tò, irú PSU tí kò lórúkọ yìí ni mo rà sí i, nítorí mo gbà pé iná kò ju iná lọ. Kò pé oṣù márùn-ún tí mo gbọ́ ìró kan ṣáká, òórùn gbígbóná sì gba yàrá. Kì í ṣe òun nìkan ló lọ. Ó mú motherboard àti SSD mi dání, gbogbo iṣẹ́ tí mo tọ́jú sínú SSD náà sì bá a lọ. Owó tí mo rò pé mo dá sí níjọ́ náà, mo san án ní ìlọ́po ìlọ́po.

Nítorí náà, má wo iye tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú páálí. Wo ìwé pélébé tó wà lára PSU náà, kí o wá ìlà 12V, nítorí ibẹ̀ ni CPU àti káàdì ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọn. Bí wọ́n bá kọ 30A síbẹ̀, fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀: 360W nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n kọ síwájú. Èyí tó dára yóò fún ọ ní iye tó sún mọ́ àpapọ̀ rẹ̀ lórí ìlà 12V nìkan. Àmì 80 Plus Bronze wúlò, ṣùgbọ́n bí PSU ṣe ń lo iná láìfi púpọ̀ ṣòfò ló ń sọ. Kò sọ pé yóò dáàbò bo ẹ̀rọ rẹ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Wá èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó máa ń pa ara rẹ̀ bí iná bá pọ̀ jù tàbí tí wáyà bá gan ara wọn, tí ẹni tó ṣe é sì fọwọ́ sọ̀yà fún ọdún márùn-ún ó kéré tán.

O kò nílò 700W pẹ̀lú. 5600 jẹ́ 65W lórí ìwé, RX 6600 jẹ́ 132W, àwọn yòókù kò pọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó 300W. PSU 550W tó jẹ́ ojúlówó tó, yóò sì kù fún ọ láti fi pààrọ̀ káàdì lọ́jọ́ iwájú. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ, má ṣe fi wáyà PSU mìíràn sí i láéláé, kódà bí ẹnu rẹ̀ bá wọlé, nítorí bí wọ́n ṣe to iná sínú wọn yàtọ̀ síra.

Ìdáhùn kẹta

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ sí AM4 (sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí CPU ń wọ̀ lórí motherboard, tí 5700X àti 5600 ń lò) tí gbogbo yín ń lé e lọ sí. Ọdún 2017 ni àwọn Ryzen àkọ́kọ́ dé sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, AM5 sì ti rọ́pò rẹ̀ láti 2022. Bí ó bá ra motherboard AM5 àti Ryzen 5 7600 nísinsìnyí, CPU tuntun nìkan ni yóò rà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Bí ó bá ra AM4, ọjọ́ tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú ni yóò pààrọ̀ motherboard, CPU àti RAM pọ̀, nítorí RAM DDR4 kò lè wọ ihò DDR5 tí AM5 ń lò. 7600 tún ní ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde nínú ara rẹ̀, èyí tí 5600 kò ní, bí káàdì bá sì bàjẹ́, yóò ṣì lè ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn

Òótọ́ lo sọ, bí owó bá tó, AM5 ni èmi náà yóò yàn. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti sọ pé kò sí òmíràn lẹ́yìn èyí. Iye tí motherboard AM5 àti DDR5 yóò fi ju ti AM4 lọ, inú owó káàdì àwòrán ni yóò ti jáde, a ó sì tún padà sórí káàdì 4GB tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ó ṣe ìṣirò ọ̀nà méjèèjì ní ibi tí yóò ti rajà: bí AM5 kò bá mú kí káàdì rẹ̀ rẹlẹ̀ ju 8GB lọ, kí ó mú un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, AM4 kì í ṣe ọ̀nà tó dí pa. 5700X3D àti 5800X3D ṣì wọ orí rẹ̀, àwọn méjèèjì sì yára gidigidi fún géèmù.

Ìdáhùn kẹrin

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ RAM. Ẹyọ méjì tó jẹ́ 8GB ni kí o rà, má ra ẹyọ kan, nítorí méjì ń jẹ́ kí CPU gba ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ CPU ni wọ́n sábà máa ń fi wọ́n sí, ṣùgbọ́n ka ìwé motherboard rẹ. Lẹ́yìn náà, wọ inú BIOS (ètò inú motherboard tó ń tan kọ̀ǹpútà) kí o tan XMP (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí i), torí RAM tí o ra ní 3200 lè máa sáré ní 2133 tàbí 2666 títí láé bí o kò bá fọwọ́ kàn án, o kò sì ní mọ̀.

Fi hard disk náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí o ra SSD NVMe (irú tó ń gba ọ̀nà PCIe) 1TB kan ṣoṣo. 256GB kò ní gba ju Windows àti géèmù méjì ńlá lọ. Ṣọ́ra pẹ̀lú, nítorí SSD pélébé onírísí M.2 kan wà tó jẹ́ SATA. Kò lè kọjá nǹkan bí 550MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, nígbà tí NVMe PCIe 3.0 lè tó 3500MB. Ní ti kéèsì, gíláàsì tó bo iwájú ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Èyí tó ní àwọ̀n níwájú pẹ̀lú fáànù méjì tó.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ti lọ ṣe ìṣirò, AM5 yóò jẹ owó káàdì mi, nítorí náà AM4 ni mo mú: Ryzen 5 5600, motherboard B550, RAM 8GB méjì, NVMe 1TB, PSU 550W tí ìlà 12V rẹ̀ fún mi ní 540W, àti kéèsì alápá àwọ̀n. Owó tó kù yóò ra RX 6600 àlòkù, kò tó fún tuntun. Ṣé kí n gbà á?

Ìdáhùn kejì

Gbà á, bí ẹni tó ń tà á bá jẹ́ kí o rí i níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Kí ó tan géèmù tó wúwo fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú rẹ. Wò ó bóyá àmì aláwọ̀ àjèjì ń yọ lójú mọ́nítọ̀, fetí sí fáànù bóyá ó ń ha nǹkan, kí o sì wo ooru rẹ̀. Bí síkúrù rẹ̀ bá ti họ, ẹnì kan ti tú u rí, kí o béèrè ìdí. Má ra PSU ní àlòkù o.

Ìdáhùn kẹrin

Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta B550 náà bóyá BIOS rẹ̀ ti mọ 5600, nítorí motherboard yẹn ti jáde ní 2020, CPU náà sì dé ní 2022. Àwọn kan ní bọ́tìnì tí o lè fi sọ BIOS di tuntun láti inú fíláàṣì láìsí CPU lórí rẹ̀; irú ìyẹn ni kí o wá. Nígbà tí o bá sì tò ó tán, ara káàdì àwòrán ni kí o ki wáyà mọ́nítọ̀ sí, kì í ṣe ara motherboard, torí 5600 kò ní àwòrán tí yóò gbé jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ sínú Windows kí o yan 75Hz, nítorí 60Hz ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí.