Ìtọ́jú lórí fóònù, àbí "ìwòsàn-iṣẹ́ àtòkèèrè"?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣètò ìwé pélébé fún àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn l'Ékòó ní ká bá òun wo àkọlé yìí: "Ìwòsàn-iṣẹ́ Àtòkèèrè láti Sọ Àwọn Olùyèbọ́ Jẹjẹrẹ Ọyàn di Aláápọn". Ọ̀pọ̀ nínú yín ti kan sáárá sí i. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá, ẹ má sì bínú sí mi: ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló gbé àkọlé yẹn dúró, kò sì sí ọ̀kankan níbẹ̀ tó máa yé obìnrin tí ẹ ń kọ ọ́ fún bí ẹ ṣe fẹ́ kó yé e.

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀. Occupational therapy, ìyẹn ìtọ́jú tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ kó tún lè máa ṣe àwọn nǹkan tó ń ṣe lójoojúmọ́, lẹ pè ní "ìwòsàn-iṣẹ́". Tí ìyá kan ní Mushin bá gbọ́ ọ, á rò pé ìjọba fẹ́ bá àwọn tí ò níṣẹ́ wá nǹkan ṣe. Tó bá wá jẹ́ pé orí WhatsApp ló ti kà á, níbi tí kò sí àmì ohùn, "ìwòsàn ìṣẹ́" ló máa kà, á ní àwọn wòlíì tún ti gbé ìsọjí mìíràn dé. Ẹlòmíràn dábàá "ìtọ́jú oníṣẹ́-ọwọ́". Mo mọ ibi tó ti fà á yọ. Láyé ọjọ́sí, agbọ̀n híhun àti irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tó wà nílé ìwòsàn ọpọlọ, kódà abẹ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí ní Òṣòdì wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti kúrò ní agbọ̀n tipẹ́.

Ohun tí mo fojú ara mi rí nìyí. Àbúrò ìyá mi ń ta léèsì ní Balógun. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọyàn òsì, wọ́n sì yọ àwọn kókó inú abíyá rẹ̀. Àwọn onífisiotẹ́rápì ti wọn ibi tí apá rẹ̀ ń gbéra dé. Obìnrin oníṣẹ́ occupational therapy tó ń pè é lórí fóònù ò wọn nǹkan kan, ohun tó bi í ni pé, "Mà, kí lẹ máa ń fẹ́ràn láti ṣe tẹ́lẹ̀ tí ẹ ò lè ṣe mọ́?" Àǹtí mi dákẹ́ títí, mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti já. Ó wá ní, "Gèlè. Mi ò lè wé gèlè fúnra mi mọ́."

Bí wọ́n ṣe jọ tú gèlè wò nìyẹn o. Kó jókòó síwájú dígí, kó má dúró. Kó gbé ìgúnpá lé tábìlì. Kó fi àńkárà rírọ̀ bẹ̀rẹ̀, kó fi aṣọ òkè sílẹ̀ ná. Kó jẹ́ àárọ̀, torí tó bá fi máa di ọ̀sán, ara rẹ̀ kì í gbé e mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, obìnrin náà pè padà láti gbọ́ ibi tó ti há, wọ́n sì tún un ṣe. Lẹ́yìn gèlè, ó kan léèsì kíká nínú ìsọ̀.

Ẹni tó bá rí ìyẹn ò ní pè é ní ìwòsàn. Ìtọ́jú ni, ìgbòkègbodò ẹ̀dá ni wọ́n sì ń tọ́jú: ọjà, ilé ìdáná, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, òde. "Ìtọ́jú ìgbòkègbodò" ni tèmi. Ẹ lè ní àwọn oníròyìn ti fi ìgbòkègbodò sọrí ọkọ̀. Kò dà mí láàmú. Mo ro "ìṣe òòjọ́" náà wò, ó dùn létí, àmọ́ "iṣẹ́ òòjọ́" á gbé e mì, a ó sì padà sídìí ọ̀rọ̀ owó.

"Aláápọn" ló bí mi nínú jù. Ta ló sọ fún wa pé ọ̀lẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀? Àárẹ̀ tí jẹjẹrẹ àti kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń bá jẹjẹrẹ jà, ń fà kì í ṣe èyí tí oorun ń kó lọ. Ìfẹ́ àwọn ará ilé tún ń dá kún un: "Mọ́mì, ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan, apá yín á wú." Bẹ́ẹ̀, ìwádìí tí Kathryn Schmitz, olùwádìí kan l'Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2009 fi hàn pé kéèyàn máa gbé nǹkan wúwo díẹ̀díẹ̀, lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sọ apá tó ti wú di wíwú jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Kí ara wọn tún lè máa gbé e" ni mo fara mọ́. Ohun tí àwọn fúnra wọn ń sọ nìyẹn: ara ò gbé e.

"Olùyèbọ́" tí ẹ fi túmọ̀ survivor sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ survivor lárugẹ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, ní láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ fún èèyàn pé jẹjẹrẹ ni lorúkọ yẹn ti jẹ́ tirẹ̀. Àwọn obìnrin tí àwọn olùwádìí ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth l'Amẹ́ríkà kọ ìwádìí lé lórí ní 2011, orí kímò ni wọ́n ṣì wà nígbà tí wọ́n ń gba irú ìtọ́jú yìí lórí fóònù. Wọn ò tíì bọ́ ńbì kankan. Ẹ jẹ́ ká fi "àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn bá fínra" ṣe é.

Ó ku "àtòkèèrè". Ará oko ni àwọn obìnrin Dartmouth yẹn, ó bá wọn mu. L'Ékòó, àwọn ọmọ tó wà ní London là ń pè ní ará òkèèrè. Láti Agége sí Ìdí-Àràbà, níbi tí ibùdó jẹjẹrẹ ilé ìwòsàn LUTH ti ṣí ní 2019, ta ló máa pè é ní òkèèrè? Gosiló ni, owó ọkọ̀ ni, dáńfó tí wọ́n á fi ìgúnpá gún un lápá ni. "Lórí fóònù" ti tó.

Àkọlé tèmi: "Ìtọ́jú ìgbòkègbodò lórí fóònù, fún àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn bá fínra, kí ara wọn tún lè máa gbé e." Ó gùn, mo mọ̀. Ẹni tó bá lè gé e kúrú láìpa nǹkan kan lára, kó bá wa gé e.

Ní ti ọmú àbí ọyàn tí ẹ ń fà mọ́ ara yín lọ́wọ́ lánàá, ẹ fi ọyàn sílẹ̀ lórí ìwé. Nọ́ọ̀sì tó bá ń kà á sókè lè pè é ní ọmú, kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́.